Bánjò Èènì

Bánjò tó sọ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin di olórin, èènì ni wọ́n fi í ṣe fún bàbá mi. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, alùpùpù ló sì máa ń gùn lọ síbẹ̀ láràárọ̀ láti ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí òyìnbó olùkọ́ kan tó ti pẹ́ ní agbègbè wa ń múra àtipadà sí ìlú rẹ̀, ó tẹ́ ẹrù ilé rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tà wọ́n. Bàbá mi ra gíramafóònù rẹ̀ àti páálí àwo orin kan. Ó sanwó tán, kò dìde. Ó ní kí òyìnbó fún òun ní èènì.

Òyìnbó náà gbọ́ “ẹ káàárọ̀”, ó gbọ́ “ẹ ṣé”, ó tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èènì rí. Bàbá mi wá ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní, pé ẹni tó bá tajà tán yẹ kó bu díẹ̀ lé e, kí ọkàn ẹni tó rà á lè balẹ̀. Òyìnbó wò yíká. Ó mú bánjò kan tó fara ti ògiri, ó mú àwo orin kékeré kan tí kò ní àpò, ó gbé méjèèjì lé e lọ́wọ́. Títí bàbá mi fi kú ló ń sọ ìtàn yìí fún àlejò, bí ẹni tó lọ ṣẹ́gun ní ìlú ọba.

Bàbá mi kò ta bánjò náà rí. Ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Gíramafóònù ni tirẹ̀. Àwọn àwo inú páálí yẹn tóbi, orin ẹgbẹ́ akọrin ìlú òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, ó sì máa ń gbọ́ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn oúnjẹ, ojú rẹ̀ á pa dé, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lù. Àbùkù kan ni ẹ̀rọ náà ní, àwa ọmọ ni àbùkù ọ̀hún. Bọ́tìnnì róbótó kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń yan bí àwo ṣe máa yára yí sí, wọ́n kọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, márùndínláàádọ́ta àti méjìdínlọ́gọ́rin sí i. Bí bàbá wa bá ti jáde, a ó yí i lọ sí ibi tó yára jù, àwọn akọrin á máa ké bí ọmọ eku, àwa náà á máa yí nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gba àlùfáà àti ìyàwó rẹ̀ lálejò, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ orin tó ń wọ ọkàn. Ó gbé àwo sí i láìwo bọ́tìnnì. Ohun tó jáde kò ṣeé fi gba àlejò. Lẹ́yìn tí àlùfáà lọ, bàbá mi mú pínsà, ó yí bọ́tìnnì náà sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí àwọn àwo ńláńlá rẹ̀ fẹ́, ó fà á yọ, ó jù ú sápò. Ó ní ó di ọjọ́ tí ọgbọ́n bá kún inú orí wa ká tó tún rí i. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ẹ̀gbọ́n mi tú páálí àwo yẹn wò, ó rí àwo kékeré èènì nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nílé wa nítorí ihò àárín rẹ̀ tóbi ju irin gíramafóònù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gé ìdí sílípáàsì rọ́bà kan ní róbótó, ó lu ihò sí àárín rẹ̀, ó fi dí ihò àwo náà. Ọ̀kan nínú sílípáàsì mi ni. Mo ṣì ń bínú sí i nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin méjì ni a gbọ́. Ọ̀kan kò tíì dàgbà púpọ̀, èkejì sì ti darúgbó gan-an, ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bọ̀. Bánjò ń dún lẹ́yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí omi òjò ṣe ń kán láti etí páànù lẹ́yìn tí òjò ti dá. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró títí ó fi parí, ó tún un gbé sí i, ó tún un gbé sí i, lẹ́yìn náà ó gun àga, ó sọ bánjò kalẹ̀ lára ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Kò ní olùkọ́ kankan ju àwo yẹn lọ. Ó gé eyín ìyarun oníke, ó fi ń ta okùn bánjò. Nígbà tó rí i pé orin inú àwo lọ sílẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ó ń dẹ okùn, ó ń dẹ okùn, títí wọ́n fi rọ̀ tí wọ́n ń gbọ̀n lára igi. Màmá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, sọ pé aláboyún tó bá gbọ́ ọ á sùn lọ lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kó dá a dúró.

Ọkùnrin ló fẹ́ fi ṣe ẹnìkejì, kí wọ́n lè jẹ́ méjì bíi ti inú àwo. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, ó mú òmíràn wá. Orin yẹn kò yára tó fún wọn, bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn wọn. Nígbà tí kò rí ẹni tó máa bá a jókòó, ó mú èmi ọmọbìnrin, bí ẹni tí iṣu tán nílé rẹ̀ tó wá lọ mu gàrí. Ó fún mi ní apá bàbá arúgbó. Mo gbà á pẹ̀lú ayọ̀, torí pé láti kékeré ni mo ti ń tọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn, kò sì sí ohun tó tíì pè mí sí rí àfi kí n lọ bá a pọn omi.

Kí ohùn mi lè lọ sílẹ̀, mo máa ń tẹ àgbọ̀n mi mọ́ àyà, mo sì ń ti ohùn wá láti ikùn. Lóṣù àkọ́kọ́, màmá mi fi tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀nà ọ̀fun mi lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé àìsàn ni. Nígbà tó yá, ohùn náà wá fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lójúde á dúró, wọ́n á bèèrè bóyá bàbá àgbà wa ti dé láti oko.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn méjì inú àwo ń gbà parí ẹsẹ orin wọn. Wọ́n á jọ kọ ọ́ bọ̀, bí ó bá ku ìlà kan, èyí tí kò tíì dàgbà púpọ̀ yẹn á dákẹ́, arúgbó á sì dá ìlà tó kẹ́yìn kọ, bánjò á rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é. Bí ó bá ti ku ìlà kan, ẹ̀gbọ́n mi á fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kúrò nídìí makirofóònù, kó lè fi àyè sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tiwa sí ohùn orin wọ̀nyẹn, a pa àṣà náà mọ́. Gbogbo ìlà tó kẹ́yìn ni tèmi.

Káfíńtà kan ní Ìjagun, tí kò kan gìtá rí láyé rẹ̀, kan ọ̀kan fún mi. Ó wúwo bí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó ń dún. Níbi ìkórè kan ní Ìmùṣin ni a ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rọ amúnáwá kú bí a ṣe gun pèpéle, makirofóònù kú pẹ̀lú rẹ̀. Kàkà kí àwọn ènìyàn máa pariwo, ṣe ni wọ́n gbé àga wọn súnmọ́ wa. Ẹni tó bá mọ àwa Ìjẹ̀bú mọ̀ pé níbi ìdúpẹ́, a kì í dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ìyá àgbà kan di àgbọ̀n mi mú, ó wo inú ẹnu mi, ó bi mí pé níbo ni mo fi bàbá yẹn pamọ́ sí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè wá ní Tẹ̀gbọ́ntàbúrò. Ìkórè, ìgbéyàwó, ayẹyẹ ilé-ìwé, a lọ sí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsìnkú ni wọ́n ń pè wá sí jù. Orin wa yẹ òkú. Ó rọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ti fẹ́ gbàgbé ẹkún á tún rántí. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ṣe ní ìloro wa nígbà tí òjò ò jẹ́ ká jáde:

Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi rọra,
Òjò ṣú, mi ò ní agbòjò,
Ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn ìloro,
Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀ wálé.

Mi ò ní parọ́, mo gbádùn àwọn ọdún yẹn. Mo gbádùn bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ fún mi bí àgbàlagbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀rù: kí ẹ̀gbọ́n mi má lọ rí ẹlòmíràn tí wọ́n á jọ máa kọrin. Mi ò gbàgbé pé nígbà tí ọkùnrin wọ́n ló tó mú mi. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá wá kí i lẹ́yìn orin, tó fọwọ́ kan bánjò, màá ti dá sí i, màá ní ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n mi, kó jẹ́ ká máa lọ sílé. Wọ́n ń pè mí ní ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìn wa, mo mọ̀, kò dùn mí.

Ọdún mẹ́fà kọjá báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Odògbólú, èmi sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe ètò orin lórí rédíò gbọ́ wa níbi òkú kan, ó ní ká wá sí Abẹ́òkúta, òun fẹ́ gba ohùn wa sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Màmá mi lọ aṣọ wa lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi fún wa ní ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń jókòó níwájú ènìyàn ńlá, ó sì rán wa létí pé òun ló gba èènì.

Ọ̀gbẹ́ni náà gbà wá dáadáa. Ó wo bánjò, ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí okùn rẹ̀ fi dẹ̀ tó báyìí, ta ló kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ pé wọ́n á bèèrè. Ó tú àwo kékeré náà jáde láti inú síńgílẹ́ẹ̀tì tó fi wé e, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀gbẹ́ni wò ó, ó gbé e sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó yí bọ́tìnnì kan.

Orin náà bẹ́ jáde bí ẹni tí ajá ń lé. Bánjò ń sáré, kò dúró mí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa, a rò pé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi rọra sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń yára jù.”

Ọ̀gbẹ́ni kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ìka hàn wá ní ibi tí wọ́n kọ márùndínláàádọ́ta sí ní àárín àwo, ó ní, “Bó ṣe yẹ kó máa lọ nìyí. Ibo lẹ ti ń gbọ́ ọ?” Mo ń rí pínsà lọ́wọ́ bàbá mi lójú inú mi. Ọdún mẹ́fà ni a fi gbọ́ àwo tó yẹ kó sáré ní ìwọ̀n ìrìn àwo tí ń rọra, orí ìyẹn ni a sì kọ́ ilé wa sí.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ orin dé òpin, èkejì, tí ohùn rẹ̀ ti wá tinrín bíi ti ọmọdé, dákẹ́, bàbá arúgbó mi fẹ́ dá ìlà rẹ̀ kọ. Kì í ṣe bàbá arúgbó. Ọmọbìnrin ni, kò lè ju èmi náà lọ, ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi òwúrọ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ti tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà láti ọmọ ọdún méjìlá nítorí arúgbó kan tí kò sí níbì kankan, àṣé irú mi ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ọ̀gbẹ́ni náà bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bánjò padà sínú àpò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni ní kó jẹ́ ká kọ tiwa bó ṣe wà, ó dára, òun fẹ́ ẹ, ó ní bí a bá sì fẹ́ kọ́ èyí tó ń sáré, ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, ó ní àwọn á padà wá. Kò ta okùn kan lọ́jọ́ náà. Láti Abẹ́òkúta títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìta ọkọ̀ ló ń wò.

Nígbà tí a ròyìn fún bàbá wa, ó lọ ṣí àpótí tó ń kó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sí, ó mú bọ́tìnnì jáde. Ó ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó bi wá pé ẹkún tí àwọn ènìyàn ti ń sun sí orin wa, ṣé bọ́tìnnì ló ń sun ún ni. Ilé ọba tó jó, ó ní, ẹwà ló bù sí i. Ẹ̀gbọ́n mi gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sára gíramafóònù, ó yí i sí márùndínláàádọ́ta.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti ń sáré. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fa okùn bánjò le, á máa lé àwo yẹn kiri. Mo gbìyànjú, Ọlọ́run rí mi. Gìtá káfíńtà yẹn kò lè sáré, ìka tèmi náà kò lè sáré. Bí mo bá dé àárín orin, ẹ̀gbọ́n mi á ti parí, á máa wò mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó mú akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá láti Odògbólú. Gìtá ọmọkùnrin náà ń dán, ìka rẹ̀ kò sì wúwo rárá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ta á tán láìdúró. Mo gbé omi fún wọn mu, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí àlejò lọ, mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní ìloro. Mo ní, “Bọ̀dá, ṣé torí pé mi ò lè sáré ni?”

Ó ń nu bánjò, kò gbójú sókè. Ó ní, “Ọdún mẹ́fà la fi ṣe aṣiṣe káàkiri ìlú, tí a ń pè é ní orin. A ti di ẹni ẹ̀rín.”

“Ta ló rẹ́rìn-ín? Ẹkún ni wọ́n ń sun.”

Ìgbà yìí ló tó wò mí. Ó ní, “Ìwọ lo rẹ́rìn-ín. A dé Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín àfi ìwọ.”

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kì í ṣe òun ni mo fi rẹ́rìn-ín, pé ọmọbìnrin yẹn ni, pé ayọ̀ tilẹ̀ wà nínú ẹ̀rín náà, nítorí bí ó bá jẹ́ obìnrin ni láti ilẹ̀, a jẹ́ pé àyè yẹn ti jẹ́ tèmi kó tó wá ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo mọ òwe yẹn dáadáa, mo sì máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi. Mo yí padà, mo wọlé.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Nígbà tí kò sẹ́ni nílé, mo yí bọ́tìnnì padà sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo yọ ọ́ lára gíramafóònù, mo sì rì í sísàlẹ̀ kòròbà gàrí. Mo rò pé bí àwo náà bá tún ń rọra, ẹ̀gbọ́n mi náà á tún rọra. Ìwà òmùgọ̀ ni, nítorí orin yẹn ti wọ ìka rẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá mo rí bọ́tìnnì. Mo ní mi ò rí i. Kò tún bèèrè mọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù, torí ẹ̀gbọ́n mi kì í fi nǹkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A ń jẹun pọ̀, a ń kí ara wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa kò kọjá bẹ́ẹ̀. Màmá mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń dé gèlè lọ síbi iṣẹ́, pé bí ọmọ ìyá bá ń jà, bí i kí wọ́n kú kọ́. Mo ní a kò jà. Ó ní ó dáa.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọkùnrin Odògbólú lọ sí Abẹ́òkúta. Kò ní kí n má tẹ̀lé wọn, kò sì ní kí n tẹ̀lé wọn. Nígbà tó dé, ó sọ fún bàbá wa pé wọ́n gbà á sílẹ̀, ó sì sọ ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n máa gbé e sáfẹ́fẹ́. Kò sọ ohun tí wọ́n kọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, ó ní òun ń lọ sí Odògbólú. Àwa mẹ́ta la jókòó ti rédíò ní ọ̀sán, bàbá mi, màmá mi, èmi. Mi ò fẹ́ jókòó, màmá mi ló ní kí n wá bá òun ya ẹ̀wà. Ọ̀gbẹ́ni yẹn kí àwọn olùgbọ́, orin bẹ̀rẹ̀. Ó dára. Mo fẹ́ kó burú, mo sì rí i pé ó dára. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń fò lórí okùn, gìtá èkejì ń lé e, wọ́n parí, wọ́n tún mú òmíràn. Mo ya ẹ̀wà, mo ya ẹ̀wà, mo ń kó dídára mọ́ ìdọ̀tí.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “Èyí tó kù yìí, èmi àti àbúrò mi la ni ín.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gìtá dákẹ́. Bánjò bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì mọ̀ láti orí okùn àkọ́kọ́ pé ó ti dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ń gbọ̀n lára igi bíi ti àtijọ́.

Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi rọra. Ó dá a kọ. Òjò ṣú, mi ò ní agbòjò. Ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn ìloro. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Bánjò rọ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Mo rò pé bátìrì ló tán. Màmá mi na ọwọ́ kó gbá rédíò, bàbá mi sì gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó fi í sílẹ̀. Ẹsẹ kejì bẹ̀rẹ̀. Ó tún kọ ọ́ bọ̀, ó tún dé ìlà tó kẹ́yìn, ó tún dákẹ́. Ìgbà náà ló yé mi. Mo rí i níwájú mi bó ṣe fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kúrò nídìí makirofóònù. Ó ti fi àyè mi sílẹ̀, ó ní kí wọ́n gba àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e sáfẹ́fẹ́ fún gbogbo ìpínlẹ̀ láti gbọ́.

Ẹsẹ kẹta ló kẹ́yìn. Mo dúró dè é. Nígbà tó dákẹ́, mo kọ ọ́ nínú pálọ̀ wa, pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà lórí itan mi: Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀ wálé. Mi ò tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Ohùn tèmi gan-an ni mo fi kọ ọ́, bó ṣe wà. Mo ń sunkún, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i. Bàbá mi yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Mo lọ sídìí kòròbà gàrí. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí i ni mo rántí pé gàrí tí mo rì í sí ti tán ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Tuntun tí màmá mi rà ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ bọ́tìnnì wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí mo fi í sí. Mo yíjú wo màmá mi. Ó ń ya ẹ̀wà.

Mo fọ bọ́tìnnì náà, mo fi í sára gíramafóònù.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Mo wà ní ìloro, mò ń bó ẹ̀gúsí. Ó wọlé, mo gbọ́ tó dúró nínú pálọ̀ níwájú gíramafóònù, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi bó o. Kò bó o dáadáa rí láyé rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé o kọ tìrẹ?”

Mo ní, “Mo kọ ọ́ ní ẹsẹ kẹta.”

“Méjì àkọ́kọ́ ńkọ́?”

“Mo rò pé bátìrì ló tán ni.”

Ó wò mí. Ẹnu rẹ̀ mì. Mo tẹ ètè mi mọ́ra, mo dúró. Ìgbà tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni èmi náà tó rẹ́rìn-ín.